Ọmọ Nọ́ọ̀sì ní Àgbàlá Aláwọ

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa Ẹlẹ́yẹlé ni òórùn rẹ̀, mi ò sì ní parọ́ fún yín, òórùn náà burú. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi pé lọ́jọ́ tí àwọn kọ́kọ́ rí ẹni tí àwọn fẹ́ràn, àyà àwọn já, ojú àwọn ṣú. Èmi, èébì ló gbé mi. Mo dúró lẹ́nu géètì àgbàlá aláwọ, mo fi ìborí dí imú, mo sì ń bínú sí Àǹtí Oníbàtà pé nínú gbogbo èèyàn tó wà láyé, èmi ni wọ́n rí rán.

Àbúrò bàbá mi ni Àǹtí Oníbàtà. Bàtà ni wọ́n ń ṣe tà, ọ̀dọ̀ Ìyá Aláwọ ni wọ́n sì ti ń ra awọ. Lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ni wọ́n bá ní kí n bá àwọn gba awọ márùn-ún wá. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mo wà ní kíláàsì àṣekágbá, mi ò sì tíì rí ibi tó dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ rí. Awọ tútù wà nílẹ̀ tirun-tirun, ẹran jíjẹrà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, eṣinṣin sì bò ó. Àgbá ńláńlá mẹ́fà tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ohun tó wà nínú ọ̀kan ń hó bíi ọṣẹ, àwọ̀ rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ.

Ọmọkùnrin kan, ọmọ Ìyá Aláwọ, jáde láti ẹ̀yìn àgbá náà, ọwọ́ rẹ̀ tutù dé ìgúnpá.

"Kí ló wà nínú eléyìí?" Mo bi í kí n tó kí i pàápàá.

"Ìgbẹ́ ẹyẹlé." Ó nawọ́ sí òkè ilé, níbi tí àwọn ẹyẹlé rẹ̀ tò sí. Ìdí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ẹlẹ́yẹlé nìyẹn. "Òun ló ń jẹ́ kí awọ rọ̀. Láìsí i, bàtà tí wọ́n bá fi ṣe máa gé èèyàn lẹ́sẹ̀ ni."

Ó nu ọwọ́, ó sì na awọ márùn-ún náà sí mi. Mo yọ ọ̀rá láti inú báàgì mi, mo fi gbà á. Ó wo ọ̀rá náà, kò bínú.

"Ọmọ nọ́ọ̀sì ni ẹ́, àbí? Bàtà ẹ funfun ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ lọ."

Mo gbé ọ̀rá náà, mo lọ. Mo ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kí n tó mọ̀ pé mo ti yọ awọ kan kúrò nínú ọ̀rá, mo sì ń fi í pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Kò rùn rárá. Mo dúró lójú títì, mo ń wo awọ náà, mo ń ronú nípa àgbá yẹn, ọ̀rọ̀ náà ò sì yé mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Màmá mi ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn tó tóbi jù ní ìlú wa. Nílé wa, ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ wà nínú yàrá, ìgò apakòkòrò sì wà níbi tí àwọn ẹlòmíì ń gbé òdòdó sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n ń nu ọwọ́ ilẹ̀kùn. Bàbá mi, tí í ṣe akọ̀wé ní kóòtù, ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbé inú ilé láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Lọ́dún yẹn, ilé-ìwé fún wa ní fọ́ọ̀mù kan. Kí oníkálùkù kọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe láyé síbẹ̀, kí bàbá àti ìyá fọwọ́ sí i, kí ilé-ìwé lè mọ ibi tí wọ́n máa fi orúkọ wa ránṣẹ́ sí. Mo gbé fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì, mo lọ wẹ̀. Kí n tó dé, Màmá ti kọ "nọ́ọ̀sì" síbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i.

"Màmá, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́."

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ta ló bí ẹ?"

Bàbá wo fọ́ọ̀mù náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní àwọn máa fọwọ́ sí i tó bá di ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n máa gbà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣì wà nílẹ̀.

Iṣẹ́ nìkan kọ́ ni Màmá ti yàn fún mi. Wọ́n ti yan ọkọ pẹ̀lú. Ọmọ ọ̀rẹ́ wọn kan ni, apoògùn, ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọn" nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́. Tí apoògùn yìí bá ti bọ èèyàn lọ́wọ́, á yọ hańkáṣíìfù, á nu ọwọ́ rẹ̀ lójú ẹni náà, ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe é fún ọlọ́dẹ ilé wa, bàbá arúgbó tó gbé e kúrò nínú ẹrẹ̀ nígbà tí mọ́tò rẹ̀ rì. Ó kó mi nírìíra ju àgbá ìgbẹ́ lọ.

"Mo fẹ́ràn obìnrin tí kì í làágùn," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Tí ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i."

Màmá gbọ́. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àgbàlá aláwọ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ń sọ nílé pé Àǹtí ló ń rán mi. Àǹtí mọ̀, wọ́n sì ń bá mi bò ó. "Ohun tó bá wu ẹni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n máa wẹ̀ kí o tó délé, nítorí ìyá ẹ ní imú ju ajá lọ."

Ẹlẹ́yẹlé kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rẹ awọ sínú omi eérú kí irun lè tú. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, tí wọ́n á fi ọ̀bẹ tó ní èèkù méjì fá a, tí ọ̀rá ara rẹ̀ á máa bọ́ sí èèyàn lẹ́sẹ̀. Mo ń fá a, mo ń tutọ́. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo ṣe ń tutọ́ yìí, kò ní pẹ́ tí àgbá máa kún. Ọmọ ogún ọdún ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dé òpin kó tó fèsì. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi nílé.

"Ṣé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí ò sú ẹ?" mo bi í.

"Ó ń sú mi. Ṣùgbọ́n nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ nù ni wọ́n ń gbé wá, nǹkan tó dáa la sì ń dá padà fún wọn. Iṣẹ́ wo ló tún kù?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo ń bi ara mi léèrè: ṣé iṣẹ́ ni mo ń wá lọ ni, àbí ọmọkùnrin? Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan tí kò sí nílé, mo jókòó, mo fá awọ mẹ́ta mọ́ tónítóní, inú mi sì dùn. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé mo fẹ́ méjèèjì, àti pé bí kò bá tiẹ̀ sí ọmọkùnrin yẹn, màá ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà.

Ohun kan ṣoṣo ni ojú mi ò gbà. Tí Ìyá Aláwọ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi ìgbẹ́ ẹyẹlé ti tó lo, wọn á ti ìka bọ̀ ọ́, wọn á fi kan ahọ́n. Wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ku ọjọ́ kan." Wọn kì í ṣì í. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sáré jáde, mo bì sẹ́yìn ilé.

Ìyá yìí ti dàgbà, opó ni wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ fọ́ọ̀mù, àwọn àti ọmọ wọn lọ ra awọ tútù níbi tó jìnnà, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ àgbàlá. Awọ méjìlélógójì wà nínú àgbá yẹn, ó ń hó, ó ń rùn. Mo wò ó títí, àánú Ìyá sì ṣe mí. Mo ronú pé bóyá wọn ò mọ̀ pé kòkòrò wà nínú rẹ̀ ni, pé bí ẹnì kan bá lè bá wọn pa kòkòrò náà, omi yìí á ṣiṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní ṣe wọ́n léṣe. Ohun tí ọmọ nọ́ọ̀sì máa rò nìyẹn. Mo sáré lọ sílé, mo gbé ìgò apakòkòrò Màmá, mo dà á síbẹ̀ pátá. Híhó náà dákẹ́. Mo ronú pé mo ti ṣe oore.

Nígbà tí wọ́n kó awọ náà jáde lọ́jọ́ kẹta, ó le bíi pákó. Ìyá Aláwọ wò ó, wọ́n wo àgbá, wọ́n wò mí.

"Ẹnì kan fi nǹkan sí i?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀ o, Ìyá."

Wọ́n ti ìka bọ omi náà, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n sì tutọ́ sílẹ̀.

"Ilé ìwòsàn," ni wọ́n wí.

Mo bú sẹ́kún. Wọn ò pariwo, ì bá sàn ká ní wọ́n pariwo. "Ọmọ mi, ohun tó wà nínú àgbá yẹn wà láàyè. Òun ló ń bá wa ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń bọ́ ọ, mi ò dà á nù rí. Ìwọ pa á nítorí pé ó kó ẹ nírìíra. Máa lọ sílé, lọ ṣe nọ́ọ̀sì." Ẹlẹ́yẹlé dúró sẹ́yìn wọn, ó ń wo àwọn awọ tó ti le náà.

Àmọ́ ó tọ Àǹtí Oníbàtà lọ ní ọjọ́ kejì. Ó ní inú ìyá òun máa rọ̀, pé òun fẹ́ wá kí àwọn òbí mi, kí wọ́n lè mọ ẹni tí mo ń bá ṣiṣẹ́ kí bàbá mi tó fọwọ́ sí ìwé. Àǹtí gba iṣẹ́ alárinà náà bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. "Jẹ́ kó wá. Tí wọ́n bá rí i pé èèyàn ni, ọ̀rọ̀ máa yí padà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀, ó wá. Ó wọ aṣọ tuntun tó le koránkorán, ó ti fọ ara rẹ̀ títí awọ ìka rẹ̀ fi bó. Kó tó jókòó, Màmá ní, "Dúró ná." Wọ́n mú ìwé ìròyìn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga, wọ́n wá ní kó jókòó. Ó jókòó lórí rẹ̀. Ìwé náà ń dún ní gbogbo ìgbà tó bá mira.

Àǹtí ṣàlàyé. Wọ́n ní ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ awọ, pé ọmọ yìí àti ìyá rẹ̀ lè kọ́ mi, pé tó bá yá, tí Ọlọ́run bá fẹ́, ọ̀rọ̀ lè ju ti iṣẹ́ lọ. Màmá ò tiẹ̀ wo Àǹtí. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ṣé o mọ ọmọ yìí?"

Bàbá gbé ojú sókè. "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Kí ni ìwọ fẹ́ gan-an? Tí o bá sọ ọ́, màá gbọ́."

Wọn ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé wà lẹ́nu mi, gbólóhùn kan péré ni. Mo wo Ẹlẹ́yẹlé lórí ìwé ìròyìn yẹn. Mo gbọ́ tí ìwé náà dún.

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Àǹtí ló máa ń rán mi níṣẹ́ lọ síbẹ̀."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ẹlẹ́yẹlé dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, ó kí Màmá, ó ká ìwé ìròyìn náà dáadáa, ó sì mú un lọ kí ẹnikẹ́ni má baà ní láti fọwọ́ kàn án. Kí ó tó dé géètì, Màmá ti ju ife tó fi mu omi sínú garawa ìdọ̀tí. Bàbá mú gègé, wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní alẹ́ ọjọ́ náà, ara mi sì ń rí mi lára síbẹ̀.

Mo lo ọdún méjì nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mi ò sọ pé iṣẹ́ náà ò dáa, àwọn ẹgbẹ́ mi kan wà tí wọ́n bí i mọ́ wọn. Èmi kàn ń ṣe é bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì. Ní ọdún kejì, wọ́n gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù Màmá. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀, egbò ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú. Òórùn rẹ̀ lé àwọn aláìsàn tó kù sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo dúró, mo ń wá ibi tí màá gbójú sí. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ yẹn lé itan ara wọn, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń kọrin lábẹ́nu. Wọn ò fajú ro rárá. Wọ́n tiẹ̀ ń bá bàbá náà ṣàwàdà pé kó tètè yá, kó wá ijó jó.

Ó yẹ kí inú mi dùn sí ìyá mi lọ́jọ́ náà. Ó dùn fún ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tó yá ni nǹkan kan yé mi. Òórùn kọ́ ló ń kó Màmá nírìíra. Kò kó wọn nírìíra rí. Bàbá yẹn ti jẹ́ adájọ́ rí, ó jẹ́ ẹni ńlá, wọ́n sì lè gbé egbò rẹ̀ lé itan. Ọmọ aláwọ ni wọn ò lè jẹ́ kó jókòó lórí àga. Èmi tí mo sì mọ̀ pé ó fọ ara rẹ̀ títí ó fi bó, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo dá aṣọ funfun padà fún ilé ẹ̀kọ́, mo sì kó lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Oníbàtà.

Ìyá Aláwọ rí mi lẹ́nu géètì. Wọ́n jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Obìnrin máa ń kúnlẹ̀ ni."

"Ẹ̀ṣẹ̀ mi ju ìkúnlẹ̀ lọ, Ìyá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Iṣẹ́ mi, mo lè fún ẹ, ó ti rẹ̀ mí. Ọmọ mi kì í ṣe awọ, mi ò lè gbé e lé ẹ lọ́wọ́."

Ẹlẹ́yẹlé ò lé mi, kò sì pè mí. Fún odindi ọdún kan, ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sí mi ni "gbé ọ̀bẹ wá," "yí i padà," "ó ti tó." Mo ń ṣe iṣẹ́ náà. Èébì ṣì ń gbé mi, mo sì ń gbé e mì. Èékánná mi dúdú, ìborí mi ń rùn, àwọn èèyàn ń dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò. Apoògùn ti fẹ́ ẹlòmíì. Mo gbọ́ pé obìnrin náà ń làágùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a ń na awọ mọ́ pákó, ó bá ọ̀rọ̀ jáde láìwò mí.

"O ní o ò mọ̀ mí."

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé?"

Mo ti múra irọ́ kan sílẹ̀ fún ìbéèrè yẹn láti ọdún mẹ́ta, irọ́ tó dáa, tó jẹ́ pé Màmá ló jẹ̀bi nínú rẹ̀. Mi ò pa á.

"Nígbà tí wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn yẹn, mo rò nínú ọkàn mi pé wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Mo rò ó."

Ó na awọ náà títí ó fi le dáadáa, ó kan ìṣó kan, ó kan òmíràn.

"Báyìí ńkọ́?"

"Báyìí, èmi gan-an ni wọ́n máa tẹ́ ẹ fún."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín títí ìṣó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé kí n tún wá bá wọn?"

"Rárá. Èmi ni màá mú ẹ lọ."

Báyìí la ṣe dé iwájú Màmá, láti ibi iṣẹ́ tààrà, nítorí mo ní a ò ní wẹ̀. Àgídí ọmọdé ni, mo mọ̀. Àwa méjèèjì dúró, a ò jókòó lórí nǹkan kan. Mo ní, "Màmá, Bàbá, ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ rèé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe sì ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ máa ṣe."

Màmá fọwọ́ bo imú. "Ẹ wo bó ṣe ń rùn."

"Èmi lẹ ń gbọ́ òórùn rẹ̀ yẹn, Màmá. Awọ tí mo fá lónìí ju tirẹ̀ lọ."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rí ojú tí wọ́n fi wo Ẹlẹ́yẹlé lọ́jọ́sí, ó wà lára mi báyìí, ó sì dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ. "Tí o bá fẹ́ ẹ," ni wọ́n wí, "má ṣe pè mí wá sí ilé tí ẹ bá ń gbé." Wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Títí di òní, wọn ò tíì wá.

Bàbá ṣì jókòó síbẹ̀. A kí wọn, a jáde. A ti dé ẹ̀yìn géètì kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn wa. Bàbá ni, wọ́n ń sáré, wọn ò wọ bàtà. Wọ́n gba ọwọ́ Ẹlẹ́yẹlé, pẹ̀lú ọ̀rá àti irun tó wà lára rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, wọn ò sì fi í sílẹ̀.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún," wọ́n ń mí lókè-lókè, "káfíńtà ni mo fẹ́ ṣe. Mo ti rí ọ̀gá tó máa kọ́ mi. Bàbá mi bi mí lójú gbogbo ẹbí pé ṣé òótọ́ ni, mo sì ní rárá."

Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn lórí ọwọ́ Ẹlẹ́yẹlé, pẹ̀lú ojú tí èèyàn fi ń wo oúnjẹ tó ti bàjẹ́.

"Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ mi ti mọ́," ni wọ́n wí.

Mo ní kí wọ́n wọlé lọ wọ bàtà, nítorí ilẹ̀ tutù. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Wọ́n ṣì di ọwọ́ ọkọ mi mú.